Garawa Kẹrin

Ọjọ́ tí ìròyìn náà dé, omi ìwẹ̀ Títí wà lórí iná. Akínṣọlá ló gbé e kaná fúnra rẹ̀, nítorí wọ́n ní ìyàwó rẹ̀ yóò kúrò ní ilé ìwòsàn ní ọ̀sán ọjọ́ náà, kò sì fẹ́ kí ó wọlé kí ó tún máa wá omi gbígbóná kiri. Ó ń fẹ́ iná èédú lọ́wọ́ lẹ́yìnkùlé wọn ní Igbó-Elérin nígbà tí fóònù dún. Nọ́ọ̀sì tó pè é kò sọ púpọ̀. Ó kàn ní kí bàbá mú ẹnì kan dání tí wọ́n bá ń bọ̀. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni Akínṣọlá. Ó mọ ohun tí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ń sọ. Omi náà hó títí, iná kú lábẹ́ rẹ̀, ó sì tutù sínú ìkòkò. Ọjọ́ kẹta ni ẹnì kan tó rántí dà á nù.

Ènìyàn méje ló ń jí nínú ilé yẹn nígbà kan: òun, Títí, ọmọ mẹ́rin, àti ìyá Títí. Kí ilẹ̀ tó mọ́, Títí á ti gbé ìkòkò ńlá kaná. Á bu omi gbígbóná sínú garawa, á bu omi tútù lù ú, á ki ìgbọ̀nwọ́ bọ̀ ọ́ wò. Kì í pariwo pe ẹnikẹ́ni. Á gbé garawa sẹ́nu ọ̀nà yàrá, á fi irin ìdìmú rẹ̀ kan ara garawa lẹ́ẹ̀mejì, á ní, "Omi yín ti gbóná o." Bí gbogbo ilé bá sì wẹ̀ tán, garawa kan á ṣẹ́kù.

"Ta ló ni èyí, Ìyá Dára?" Akínṣọlá máa ń bi í.

"Ó ní ẹni tó ni ín. Ẹ wọ ṣòkòtò yín jàre, ẹ ó pẹ́ dé ibi iṣẹ́."

Bẹ́ẹ̀ náà ló sì máa ń rí. Ó lè jẹ́ ayálégbé tí ibà dá gúnlẹ̀, ó lè jẹ́ àlejò tó ti Àgbádárìgì dé lójijì.

Títí ti kú ní oṣù mẹ́jọ kí Olúwadára, àkọ́bí wọn, tó bímọ, ọmọ tí Olúwadára fi ọdún mẹ́sàn-án tọrọ. Wárí ni ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Ilé ìyá rẹ̀ ló yẹ kó wá, kí wọ́n máa fi omi gbígbóná wẹ òun àti ọmọ títí ogójì ọjọ́ yóò fi pé. Àmọ́ ohun tó sọ lórí fóònù yàtọ̀.

"Ẹ má bínú, Dádì. Ta ni yóò máa gbé omi kaná? Apá ọ̀tún yín kò lè gbé ìkòkò yẹn mọ́. Ẹ jẹ́ kí n dúró sílé mi ní Àgbárá."

"Tí omi gbígbóná bá wà ńkọ́?"

"Tí omi bá wà, màá wá."

Ní ọjọ́ kejì, Akínṣọlá wọ ọkọ̀ ní Okokomaiko, ó di ọjà Àlàbá, níbi tí Muheez, ọmọ Ṣakí kan tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ti ń ta híta tí wọ́n fi ń mú omi gbóná.

"Èyí tó tóbi jù ni mo fẹ́," ni Akínṣọlá wí.

"Dádì, ẹ̀wù ni ẹ fẹ́ rà àbí híta? Ènìyàn mélòó ló ń wẹ̀ nílé?"

"Méje." Kò tilẹ̀ rò ó.

Muheez nawọ́ sí funfun kan tó rí rọ̀bọ̀tọ̀ bí àgbá. "Ọgọ́rùn-ún lítà nìyẹn. Iná yín ńkọ́?"

"Wọ́n ń mú un wá láago mẹ́rin ìdájí, wọ́n ń mú un lọ láago mẹ́fà."

"Wákàtí méjì? Kò ní tíì gbóná tí iná á fi lọ. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ lẹ ó máa wẹ̀, èmi lẹ ó sì máa bú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka àwọn ènìyàn méje ọ̀hún fún mi lórúkọ, kí n mọ àwọn ọmọdé inú wọn."

Akínṣọlá na ìka kan sókè láti bẹ̀rẹ̀. Títí ló kọ́kọ́ wá sẹ́nu rẹ̀. Ìka náà dúró bẹ́ẹ̀. Ìyá Títí ti lọ tipẹ́. Ọmọ kan wà ní Àbújá, méjì wà lókè òkun. Ó rọra sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀.

"Mẹ́ta ni wá," ló wí níkẹyìn. "Èmi, ọmọ mi, àti èyí tó bí lọ́sẹ̀ tó kọjá."

Muheez kò ṣàwàdà mọ́. Ó nu àga kan fún un. "Ẹ kú oríire, Dádì. Ẹ jókòó. Ọgbọ̀n lítà ló tọ́ sí yín. Ó ń gbóná gan-an. Tí ẹ bá bu omi tútù lù ú, garawa mẹ́ta gbáko ni yóò fún yín."

Garawa mẹ́ta, ènìyàn mẹ́ta. Ìṣirò náà pé géérégé, bí irú èyí tó máa ń kọ sójú pátákó fáwọn ọmọ ilé ìwé. Síbẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò gbà á.

"Èwo ló lè fún mi ní mẹ́rin?"

"Ta ló ni ìkẹrin?"

Akínṣọlá la ẹnu. Ọ̀rọ̀ Títí ló jáde níbẹ̀. "Ó ní ẹni tó ni ín."

Muheez nawọ́ sí èyí tó tẹ̀ lé e. "Àádọ́ta lítà nìyẹn. Yóò gbóná kí iná tó lọ, tí ẹ kò bá ti sùn gbàgbé."

Olúwadára dé ní ọjọ́ Sátidé, ọmọ wà láyà rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá rẹ̀ dúró nílé ìwẹ̀ lábẹ́ híta tuntun, ó ń ki ìgbọ̀nwọ́ bọ inú garawa kọ̀ọ̀kan. Ó gbé ti Olúwadára sẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó fi ìdìmú kàn án lẹ́ẹ̀mejì. Ilẹ̀kùn ṣí kíá. Olúwadára wo bàbá rẹ̀, ó wo garawa. Ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan orí ọmọ rẹ̀.

Garawa kẹrin ló kù. Munirat, ayálégbé tó wà lẹ́yìnkùlé, ti ń wúkọ́ láti àná. Akínṣọlá fi ọwọ́ òsì gbé omi náà, ó sinmi lẹ́ẹ̀mejì lójú ọ̀nà. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà obìnrin náà, ó sọ ọ́ kalẹ̀ jẹ́ẹ́, ó na ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì fi irin ìdìmú kan ara garawa lẹ́ẹ̀mejì.

"Omi yín ti gbóná o."