Obìnrin Funfun Ara Àpáta

Ọ̀bẹ ni Baba Ọlọ́dà fi ń ha ara àpáta nígbà tí ẹnu rẹ̀ tí kì í sinmi pa lọ́lọ́.

Kò tíì pẹ́ tó ń fọ́nnu sí àwọn tó wà nínú ọkọ̀ nísàlẹ̀: ọmọ rẹ̀ obìnrin tó di àjẹ̀ mú, àti ìyá tó jẹ́ ọ̀gá èbúté. "Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti kun ìlà funfun yìí kẹ́yìn! Òun ni àwọn ọlọ́kọ̀ ń wò wọ èbúté. Ọ̀dà tèmi kì í bó!"

Ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́kọ̀ ní ìlà náà ti di obìnrin tó ru ẹrù. Àwọn kan ní iwin ni. Baba Ọlọ́dà fi wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín. Ó ní tó bá jẹ́ ọ̀dà ni lóòótọ́, ọmọ yóò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ bàbá. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, òun á wá ẹlòmíràn.

Nígbà tó wá ha á yìí, ohun bí ẹfun tó ń rùn bí ẹja ló já sí i lọ́wọ́. Òkúta lásán ló wà lábẹ́ rẹ̀. Yéè! Ìgbẹ́ ẹyẹ! Ẹyẹ ń ṣiṣẹ́, òun ń gba ìyìn. Ojú tì í dé ọrùn.

Ta ni yóò mọ̀ nísàlẹ̀? Àmọ́ bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ ń bá a. Ó wo ọmọ rẹ̀, tó ti ń retí iṣẹ́ yìí láti ọdún méjì. Ó dùn ún gan-an.

"Ọ̀gá, kì í ṣe ọ̀dà mi mọ́ o. Ìgbẹ́ ẹyẹ ni."

Baba fi korobá ọ̀dà rẹ̀ kọ́ irin tí wọ́n kàn mọ́ àpáta lókè orí rẹ̀, ó ki ẹsẹ̀ bọ inú ihò méjì tí òun fúnra rẹ̀ ti gbẹ́ láti ìgbà èwe, ó fẹ́ máa sọ̀ kalẹ̀.

"Bàámi, ẹ dúró! Ẹ má mira!"

"Kí ló dé?"

"Obìnrin yẹn ti lọ. Ẹ ti bò ó mọ́lẹ̀."

Ó wolẹ̀. Láti etí ihò kọ̀ọ̀kan ni funfun náà ti ń ṣàn lọ sísàlẹ̀. Ó wòkè, bẹ́ẹ̀ náà ni lábẹ́ irin. Ibi tí òun ń tẹ̀ àti ibi tí òun ń fi korobá kọ́ ni àwọn ẹyẹ ń bà lé.

"Ta ló wà níbẹ̀ báyìí?" Ọ̀gá ló bi ọmọ náà.

"Bàbá mi ni, mà. Korobá wà lórí wọn bí ẹrù."

Ọ̀gá mí kanlẹ̀. "Ẹ máa bọ̀, Baba. Ojú iṣẹ́ yín ló ya obìnrin yẹn, ẹ sì sọ òótọ́. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín gun òkè, iṣẹ́ ti di tirẹ̀."

Baba Ọlọ́dà ò fọ́nnu. Ó rọra ń sọ̀ kalẹ̀, ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì, kí ọmọ rẹ̀ lè rí gbogbo ibi tó ń tẹ̀.