Aago Tí Kò Dún

Ìyá Fìríìjì ni wọ́n ń pe obìnrin tó ń tọ́jú abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé nílé ìwòsàn náà. Kò sí nǹkan nínú yàrá rẹ̀ ju fìríìjì mẹ́ta, àga kan àti kọ̀ǹpútà kékeré tó yẹ kó ké sórí fóònù rẹ̀ bí òtútù bá ń dín kù. Ètò ọ̀fẹ́ kan ló ń mú kọ̀ǹpútà ọ̀hún ṣiṣẹ́: ẹnikẹ́ni lè lò ó, ẹnikẹ́ni lè yẹ inú rẹ̀ wò, ẹni tó bá sì rí àbùkù lè fẹjọ́ sùn lórí ìkànnì rẹ̀. Àbùkù tí Ìyá Fìríìjì rí ni pé, bí iná bá lọ tó sì dé, kọ̀ǹpútà náà á yadi, kò ní ké mọ́.

Ó fi ẹ̀sùn rẹ̀ sùn. Ọkùnrin tó ń bójú tó ètò náà, tí kò gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀, ní ẹlòmíì ti sọ ọ́ rí, kó lọ bá ẹ̀sùn àkọ́kọ́. Ni ọkùnrin náà bá pa ẹ̀sùn tirẹ̀ dé, bí ọ̀rọ̀ tó ti parí. Nígbà tó débẹ̀, wọ́n ti pa ìyẹn náà dé, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí oníkálukú lọ bá ẹ̀sùn tuntun. Èwo wá ni tuntun? Tirẹ̀ ni! Ọ̀rọ̀ di ti ọmọ tí bàbá ní kó lọ bá ìyá, tí ìyá ní kó padà lọ bá bàbá.

Bẹ́ẹ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin ń rọbí lọ́wọ́ ní ìlú kejì, ẹni tí ì bá sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ wà ní ìsinmi. Ó lọ bẹ ọ̀gá ilé ìwòsàn pé kó jẹ́ kóun lọ.

"Ẹ máa lọ, mà. Ẹ̀rọ ń ṣọ́ wọn."

"Ẹ̀rọ yẹn kì í ké mọ́, sà."

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀. Ṣùgbọ́n tí oògùn bá bàjẹ́, ẹ̀yin la mọ̀ o."

Inú bí i. Ó jókòó, ó fi fóònù rẹ̀ kọ gbogbo rẹ̀ sórí ìkànnì náà bó ṣe rí, ohun tó ṣe, ohun tó ń retí, ohun tó bá pàdé. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, àmọ́ bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ó fi kún un pé: "Ẹ̀sùn méjèèjì ń júwe ara wọn. Ẹ ò rí i ni?"

Èsì dé lójú ẹsẹ̀. "Ẹ má bínú, mà. Èmi ni mo pa méjèèjì dé, mi ò wo iwájú wẹ̀yìn. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé ẹ̀ yékéyéké báyìí rí. Ti ọ̀dọ̀ mi kì í yadi, àfi ká wò ó lára tiyín. Ẹ bá mi yọ wáyà iná kọ̀ǹpútà yẹn, kẹ́ ẹ tún un kì bọ ojú iná, ká jọ wò ó."

Ó yọ ọ́, ó kì í. Ẹ̀rọ yadi. Ọkùnrin náà tún nǹkan ṣe nínú ètò rẹ̀, ó fi ránṣẹ́. Ó tún yadi. Àlàyé tó ṣe dáadáa ló kó bá a: ẹni tó ń wá ọ̀nà àtilọ ló wá di ẹni tí wọn ò lè yọ̀ǹda. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ọjà ọmọ ọlọ́mọ lòun wà.

Fóònù dún. Ó fò sókè, ó rò pé ẹ̀rọ ló ké. Igbe ìkókó ló gbọ́, lẹ́yìn náà ohùn ọmọ rẹ̀ tó ti há.

"Mọ́mì, ọkùnrin ni o. Ṣé ẹ ti wà lọ́nà?"

Lójú fóònù kan náà, ọkùnrin tó ni ètò yẹn ti kọ̀wé: "Ó jọ pé mo ti rí i báyìí. Ẹ tún un yọ lẹ́ẹ̀kan sí i, mà."

"Mo ń bọ̀, ọmọ mi," ni Ìyá Fìríìjì wí, ó sì nawọ́ sí wáyà.