Ta Ló Bá Malachy Devane Bẹ̀bẹ̀?

Nígbà tí Malachy Devane sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Kilcorran, kò sẹ́ni tó wá pàdé rẹ̀ àyàfi Hanora, ìyàwó rẹ̀, àti ọlọ́pàá méjì tí wọ́n ń ṣe bí ẹni ń ka ìwé ara ògiri. Oṣù mẹ́sàn-án ló ti lò lẹ́wọ̀n nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Inú ẹ̀wọ̀n yẹn ló wà tí àwọn ará ìlú fi dìbò yàn án, pé kó lọ jókòó nílé aṣòfin tí Ireland ń dá sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ní Dublin, bí ọba Gẹ̀ẹ́sì fẹ́, bó kọ̀. Ó ti rò pé wọn á gbé òun gun èjìká lọ́jọ́ tóun bá dé.

Ojú fèrèsé ni wọ́n ti ń yọjú wò ó. Ìyá àgbà kan tó ń ta ẹyin ní, "Káàbọ̀ o, Malachy. Ìwọ nìkan?" Kò dúró gbèsì.

Ọ̀rọ̀ yẹn gún un lọ́kàn. Àwọn méjìlá ni ọlọ́pàá kó lọ́jọ́ kan náà lágbègbè yẹn nítorí ọ̀rọ̀ òmìnira. Mọ́kànlá ṣì wà ní àtìmọ́lé. Òun nìkan ni ọ̀gá ọgbà ẹ̀wọ̀n pè láàárọ̀ ọjọ́ kan, tó ní, "Kó ẹrù rẹ. Àwọn èèyàn rẹ ti bá ọ bẹ̀bẹ̀." Nígbà tó bèèrè pé àwọn èèyàn wo, ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Tadhg Lenihan wá kí i. Ìṣó àti ọkọ́ ni Tadhg ń tà, òun sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ajìjàgbara ìlú náà. Òun àti Malachy ti jọ ń ṣọ̀rẹ́ láti kékeré. Àmọ́ kò fẹnu kan tíì tí Hanora gbé síwájú rẹ̀.

"Donal àbúrò mi tẹ́ ẹ jọ wà lẹ́wọ̀n ńkọ́?" ni Tadhg bèèrè.

"Ara rẹ̀ le. Ó ní kí n kí ọ."

"Ara tìẹ náà le, mo rí i. Wọ́n mà tọ́jú ẹ o."

"Tadhg, bí ọ̀rọ̀ bá wà níkùn ẹ, sọ ọ́ síta."

"Kò sọ́rọ̀ níkùn tèmi. Ìlú ló ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ẹran kì í ṣàdédé bọ́ lọ́wọ́ ọdẹ, wọ́n sì fẹ́ mọ ohun tó fún ọdẹ. Ìpàdé wà lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn Máàsì. Wá sọ tẹnu ẹ."

Bó ṣe lọ tán, ara Malachy kò balẹ̀ mọ́. Bí wọ́n bá lé òun nípò, ta ni yóò bọ́ sí i? Tadhg náà ni! Àbí Tadhg ló kọ̀wé bẹ̀bẹ̀, kó lè ba òun lórúkọ jẹ́? Láti ìgbà yẹn, bí èèyàn méjì bá dákẹ́ lójú ọ̀nà nígbà tó ń kọjá, á gbà pé òun ni wọ́n ń sọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Fádà Moynihan yà sílé wọn, ó sì jókòó sídìí búrẹ́dì.

"Mo dúpẹ́ pé o padà wálé, ọmọ mi. Ṣáà ti mú ìlérí rẹ ṣẹ, kò ní sẹ́ni tó máa yọ ọ́ lẹ́nu."

"Ìlérí wo, Fádà?"

Fádà wo Hanora. Hanora bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ki èédú àbàtà sínú iná tó ti ń jó geere tẹ́lẹ̀. Ni Fádà bá rántí pé aláìsàn kan ń retí òun. Kò jẹ búrẹ́dì náà tán.

Malachy ti ilẹ̀kùn. "Hanora, wò mí lójú."

Obìnrin náà dìde. "Wọ́n kọ̀wé sí mi pé ò ń wúkọ́ ẹ̀jẹ̀. Mo bá gbé gègé. Mo kọ ọ́ pé ìwọ Malachy Devane ò ní dá sí òṣèlú mọ́ láyé. Mo fọwọ́ sí i lórúkọ ẹ. Mo sọ fún Fádà pé ìwọ lo fi ránṣẹ́ láti ẹ̀wọ̀n, òun ló bá mi gbé e dọ́dọ̀ ìjọba."

"O tà mí!"

"Mi ò tà ẹ́. Mo rà ẹ́ padà ni. Ìlú lè rí aṣòfin mìíràn. Níbo lèmi á ti rí ọkọ mìíràn?"

Títí di ọjọ́ Àìkú, wọn kò bára wọn sọ̀rọ̀.

Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́. Ọlọ́pàá kan dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́. Tadhg dìde: "Malachy Devane, ta ló bá ẹ bẹ̀bẹ̀?"

Malachy mọ̀ pé bóun bá dárúkọ ìyàwó òun, obìnrin náà kò ní lè rìn nílùú yìí mọ́. "Mi ò kọ ìwé kankan," ló ní. "Mi ò sì ta ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo lè sọ nìyẹn."

"Á jẹ́ pé Ẹ̀mí Mímọ́ ló kọ ọ́!" ẹnì kan kígbe. Ẹ̀rín bú, kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀. Tadhg ní kí àwọn tó bá fẹ́ kí wọ́n yọ ọ́ nípò nawọ́. Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè.

"Ẹ sọwọ́ yín kalẹ̀!" Hanora ti dìde láàárín àwọn obìnrin. "Èmi ni mo kọ ọ́." Ó sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ohunkóhun pa mọ́. Ó wá kọjú sí akọ̀wé: "Tadhg, tí wọ́n bá ní Donal ló ń wúkọ́ ẹ̀jẹ̀, ṣé o ò ní kọ ọ́?"

Tadhg sọwọ́ tirẹ̀ náà kalẹ̀. Ó jókòó.

Ni Malachy bá gun orí pèpéle. "Ọlọ́pàá, kọ eléyìí sílẹ̀ dáadáa. Ọwọ́ mi kọ́ ló kọ ìwé yẹn, kò lè dè mí." Ó sọ̀rọ̀ òmìnira fún odidi wákàtí kan, bí ikọ́ tilẹ̀ ń dá a dúró.

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n wá mú un. Oṣù márùn-ún ló tún lò kó tó bá àwọn yòókù jáde, ó sì jókòó sípò tí wọ́n yàn án sí. Síbẹ̀, àwọn kan ní Kilcorran kò gbà: wọ́n ní tọkọtaya náà ló jọ hùmọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn.

Malachy dárí ji Hanora, ó sì tọkàn wá. Àmọ́ nígbàkigbà tó bá rí i pẹ̀lú gègé, á gbójú sókè nídìí ìwé ìròyìn.

"Ta lò ń kọ̀wé sí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Boston ni. Ṣé kí n kà á fún ẹ?"

Á ní rárá, kò pọn dandan. Ṣùgbọ́n kò ní ka ìlà kan sí i títí yóò fi gbọ́ pé gègé náà ti dákẹ́.