Ìrẹsì Tútù

Màmá Ẹlẹ́rìn-ín ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, kò rí ẹni dá lẹ́bi. Ó da fínígà sórí ìrẹsì tí kò tíì fojú kan iná, ó bu ṣíbí kan sẹ́nu. Kàù! Ó yára fi ahọ́n wá eyín tó kù fún un lápá òsì. Eyín ṣì wà. Ẹ̀rín bá gbà á, ó rín títí ó fi di tábìlì mú.

Ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin, alásè òtẹ́ẹ̀lì nílùú kejì, ló ń bọ̀ lónìí. Ó ní kí wọ́n jọ jẹ sàláàdì ìrẹsì bí àwọn ará Jàpáànù ṣe ń ṣe é. Ìrẹsì tútù ni, ó wí. Ṣebí ẹran tútù ni ẹran tí a kò tíì sè? Màmá bá pè é lórí fóònù.

“Yé è, Màmá! Ẹ sè é ná, kó tó wá tutù!”

“Ìwọ lo ní tútù! Díẹ̀ ló kù kó o máa bá mi rún oúnjẹ!”

Wọ́n rín in. Nígbà tí fóònù dákẹ́, ẹ̀rín tirẹ̀ nìkan ló kù nínú ilé ìdáná.

Ó se òmíràn. Ó tẹ́ ẹ sórí tíréè, ó wọ́n fínígà àti ṣúgà díẹ̀ sí i, ó ń fi ìdérí páálí bàtà fẹ́ ẹ. Ó rẹ́ kùkúmbà wẹ́wẹ́, ó yan yànmọ̀tí. Ó gbé abọ́ méjì kalẹ̀.

“Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe bàbá,” ló sọ fún àga kejì.

Láti ìgbà tí ilé ti ṣófo, ìdí ààrò ló ti ń jẹun, lóòró, kó tó tutù. Lójú tirẹ̀, oúnjẹ tó bá tutù, ó ní ẹni tí kò dé.

Fóònù dún.

“Màmá, ẹ má bínú. Ọ̀gá ò jẹ́ kí n kúrò. Bóyá ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.”

“Kò burú, ọkọ mi.”

Ó wo ìrẹsì náà, funfun, tó ń dán, tí kò bínú sí ẹnikẹ́ni. Àṣé oúnjẹ tí kì í bá ẹni tó pẹ́ jà ni ọmọ yìí fi kọ́ òun. Àṣé ọmọ náà ti mọ̀ pé òun ń dá jẹun lóòró. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí páálí.

“Ọpẹ́ ni pé kì í ṣe oúnjẹ gbígbóná,” ni ọmọ náà ń wí lórí fóònù. “Màmá, ṣé ó ti tutù?”