Àyè Ìyálé Nínú Ìjàpá Sàláúdéènì

Ọdún kejì tí ogun abẹ́lé parí ni Sàláúdéènì, oníṣòwò ẹ̀gúsí ní Igbó-Ọrà, ra ọkọ̀ ìjàpá lọ́wọ́ tíṣà kan ní Èrúwà. Àlòkù ni, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ bó ṣe ń fọ́nnu, ẹ ó rò pé iwájú ilé rẹ̀ ni wọ́n ti rọ ọ́. Kí ọkọ̀ náà tó dé ilé ló ti pín ìjókòó. Iwájú ni ti Sàrátù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Ẹ̀yìn lọ́wọ́ ọ̀tún ni ti Hàlímọ̀, ìyálé. Ẹ̀yìn lọ́wọ́ òsì ni ti Mùínàt, ìyàwó kékeré, àti àwọn ìbejì rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í fi ìdí kan àyè ìyálé. Bí Hàlímọ̀ kò bá sí nínú ọkọ̀, òfìfo ni igun náà ń wà.

Hàlímọ̀ sanra dáadáa, ẹ̀rín kì í sì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Àmọ́ kò bímọ. Ní ìlú tí àwọn ẹlòmíràn ti ń bí méjì-méjì, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá nìyẹn lójú aláìláàánú, àwọn aláìláàánú sì pọ̀ níbẹ̀ ju ìbejì lọ.

Ìgbà ọyẹ́ ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń lọ síbi ìsọmọlórúkọ, gbogbo wọn wọlé, Sàláúdéènì yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ ní "kẹ́". Ó tún yí i. "Kẹ́." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n sọ̀kalẹ̀, wọ́n ránṣẹ́ pe Òkè mẹkáníìkì. Òkè tú púlọ́ọ̀gì, ó nù wọ́n, ó dá wọn padà, ó yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì sì dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

"Bàbá Ìbejì, ọkọ̀ yín ò ní nǹkan kan. Ìdọ̀tí lásán ni."

Nígbà tí wọ́n tún fẹ́ jáde, bákan náà ló rí. Wọ́n wọlé, "kẹ́". Wọ́n sọ̀kalẹ̀, ó dáhùn. Sàrátù ló kọ́kọ́ la ẹnu burúkú rẹ̀.

"Àbúrò mi, ìwọ ò fura? Ẹnì kan wà tó ń wọ ọkọ̀ yìí tí ọkọ̀ ò fẹ́."

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, níṣojú gbogbo àdúgbò, Sàláúdéènì bẹ̀rẹ̀ ìdánwò. Ó ní kí Mùínàt àti àwọn ọmọ wọlé sí àyè wọn. Ọkọ̀ dáhùn. Ó pa á. Ó ní kí Sàrátù kún wọn. Ọkọ̀ dáhùn. Ó pa á.

"Hàlímọ̀, ó kàn ọ́."

Hàlímọ̀ rò pé eré ni. Ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó ń rẹ́rìn-ín, ó jókòó sí àyè rẹ̀. "Kẹ́."

"Sọ̀kalẹ̀." Ọkọ̀ dáhùn. "Padà wọlé." "Kẹ́."

Wọ́n ṣe é títí ẹ̀rín fi tán lójú rẹ̀, tí òógùn sì bò ó nínú ọyẹ́. Àwọn kan ti ń pàtẹ́wọ́. Kò sì sí ẹyọ ẹnì kan tó sọ pé kó jókòó síbòmíràn wò. Ta ni yóò gbé ìyálé sí àyè ìyàwó? Wọn ò fẹ́ fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù ú, ẹ ò rí i pé ọmọlúàbí ni wọ́n!

Hàlímọ̀ kúnlẹ̀ sínú eruku. "Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo ń wẹ àwọn ọmọ yìí láti ọjọ́ tí wọ́n ti dáyé. N ò ní wọ ọkọ̀ yín mọ́. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n máa gbé inú ilé mi."

Sàrátù ló dá a lóhùn. "Ẹni tó jẹ ọmọ inú ara ẹ̀ tán, ọkọ̀ ló wá kù tó fẹ́ jẹ!"

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Hàlímọ̀ ti ru ẹrù rẹ̀, ó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí Ìdèrè, ìlú bàbá rẹ̀. Àwọn ìbejì sunkún tẹ̀ lé e, wọ́n sì wọ́ wọn padà.

Kò pẹ́ tí Sàláúdéènì fẹ́ lọ ra ẹ̀gúsí ní Igangan. Ó di àpò iyọ̀ sí ọwọ́ òsì ẹ̀yìn ọkọ̀, ó ní kí Mùínàt bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún. "Ìwọ ni ìyálé báyìí." Mùínàt jókòó, ó gbé ọmọ méjèèjì lé itan. Sàláúdéènì yí kọ́kọ́rọ́.

"Kẹ́."

Mùínàt bú sẹ́kún kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. "Bàbá Ìbejì, èmi kọ́ o! Wallahi, èmi kọ́!"

"Hàlímọ̀ ti ri oògùn síbẹ̀," ni Sàláúdéènì wí. Ó fà wọ́n sọ̀kalẹ̀, ó sì fa ìjókòó náà tu kó lè rí oògùn. Bátìrì ló bá níbẹ̀. Irin tó di wáyà mú orí bátìrì ti tú, ó ń mì, bí ẹni tó bá wúwo bá sì jókòó, ìjókòó á tẹ̀ ẹ́, á yẹ̀ kúrò lójú rẹ̀. Ó fi sípánà dè é le, ó sì dá ìjókòó padà. Mùínàt àti àwọn ọmọ padà jókòó, ọkọ̀ dáhùn. Ó pa á, ó tún yí i, ó tún dáhùn.

"Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run," Mùínàt wí. "Ẹ jẹ́ ká yà ní Ìdèrè, ká gbé ìyálé mi."

Sàláúdéènì nu ọwọ́ rẹ̀. "Kí n wá sọ kí ni fún àdúgbò? Pé irin orí bátìrì ni mo lé ìyàwó nítorí ẹ̀? Bí ọ̀rọ̀ yìí bá jáde lẹ́nu rẹ, ìwọ náà á fẹsẹ̀ rìn."

Mùínàt fa àwọn ọmọ mọ́ra.

Ní Ìdèrè, Hàlímọ̀ àti ìyá rẹ̀ ń bó ẹ̀gúsí níwájú ilé, lẹ́bàá títì. Ojoojúmọ́ ni ìyá náà ń sọ fún un pé, "Irọ́ ni wọ́n pa mọ́ ọ, ọmọ mi. Ọkọ̀ wọn ló bàjẹ́." Ọ̀rọ̀ yìí nìkan ni Hàlímọ̀ fi ń jẹun, òun ló fi ń sùn.

Ìjàpá náà yọ, ó ń sáré geere. Sàláúdéènì rí wọn, ó rọra dẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó pa ẹ́ńjìnnì níwájú ilé náà gan-an, ó sì tún yí kọ́kọ́rọ́. Ó dáhùn. Ó fọn fèrè, ó lọ. Mùínàt wà ní igun ọwọ́ ọ̀tún. Ojú òun àti Hàlímọ̀ ṣe mẹ́rin, ó sì tẹrí ba, ó ń tún fìlà ọmọ ṣe.

Hàlímọ̀ wo eruku náà títí ó fi rọlẹ̀.

"Ẹ rí i, ìyá mi? Àyè mi ló jókòó sí, ó sì ń rìn." Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Èmi ni lóòótọ́."

Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń rákòrò ń bọ̀ wá dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Hàlímọ̀ dìde kíá, ó sì sá fún un.