Ẹni Tó Tún Un Ṣe Ni Yóò Kọ́kọ́ Fò

Bí bàbá mi ṣe balẹ̀ síbi ìpàdé àwọn awakọ̀ òfurufú, abẹ̀bẹ̀ orí jairokọ́pítà rẹ̀, ọkọ̀ òfurufú kékeré bíi hẹlikópítà, ń gbọ̀n jìgìjìgì. Bẹ́ẹ̀ ó ti ṣèlérí pé òun yóò gbé ìyá mi gòkè lọ́sàn-án yẹn. Ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì, Télọ̀ àti Tíṣà, bá gbé sípánà, wọ́n bo ọkọ̀ náà bí èèrà bo ìrèké. Kò pẹ́ tí wọ́n fi nu ọwọ́.

Télọ̀ pariwo pé, "Ó ti parí! Ìyàwó wa, ẹ máa bọ̀!"

Ìyá mi rẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọkọ mi. Òfin ẹ̀yin awakọ̀ ńkọ́? Ṣebí ẹni tó bá tún un ṣe ni yóò kọ́kọ́ fò?"

Wọ́n wo ojú ara wọn.

"Ẹ̀yìn ń dùn mí," ni Télọ̀ wí.

"Èmi? Àkàbà ni mo kàn bá a dì mú," ni Tíṣà wí.

Ni wọ́n bá tún gun àkàbà. Bóòtì mẹ́ta ni wọ́n bá níbẹ̀ tí ìka lásán lè tú. Wọ́n dì wọ́n le dan-in-dan-in. Télọ̀ wá fi ọkọ̀ náà yí pápá ká, ó balẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́.

"Ṣé ẹ rí i?" ni Télọ̀ wí bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀. "Mo ti mọ̀ pé kò séwu."

"Mo gbà," ni ìyá mi wí bó ṣe ń jókòó sẹ́yìn bàbá mi. "Ẹ tètè nu òógùn yẹn."