Iná Kékeré Inú Pẹ́jò Moudachirou

Oṣù kejìlá ọdún 1996 ni. Ọyẹ́ ti dé. Moudachirou gbé Pẹ́jò rẹ̀ wá sí ìdí iṣẹ́ mi ní Bantè, ní Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán.

Iṣẹ́ iná mọ́tò ni mo ń ṣe. Moudachirou ń wa takisí láàrin Bantè àti Savalou láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ẹgbẹ́ ni wá. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n dá abẹ́ fún wa.

Kò sọ̀ kalẹ̀. Ó na ọwọ́ sí àárín ìjókòó méjèèjì iwájú, níbi tí àwọn bọ́tìnnì fèrèsé wà.

"Alassane, fi iná sí ibí yìí fún mi."

"Iná wo?"

"Iná kékeré, irú èyí tó ń wà lára rédíò. Kí n lè mọ bọ́tìnnì tí mò ń tẹ̀ tí ilẹ̀ bá ń ṣú."

"Ọdún mẹ́fà ni mọ́tò yìí ti wà lọ́wọ́ rẹ. O ò tíì mọ bọ́tìnnì rẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Lọ́jọ́ Àìkú, mo fẹ́ ti fèrèsé tèmi. Ti Àlájà kan tó jókòó lẹ́yìn ni mo ṣí. Eruku bò ó títí ó fi pupa bí ìkòkò tuntun. Ó bú mi dé Savalou. Ó ní ṣé inú igbó ni wọ́n bí mi sí tí n kò fi mọ fèrèsé."

"Kò parọ́. Inú oko ní Bobè ni wọ́n bí ọ sí."

"Ìwọ náà ńkọ́? Ṣé ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n bí ọ sí?"

Nígbà náà ni ó sọ̀rọ̀ tó gbé e wá. Ọjọ́ Sátidé ni wọn yóò so yìgì Assiath, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó ní. Savalou ni ọkọ wà. Mọ́tò yìí ni yóò gbé ìyàwó lọ, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì wà á.

Ní ọ̀dọ̀ wa, ìyàwó kì í wọ ilé ọkọ lọ́sàn-án. Ìgbà tí oòrùn bá ń wọ̀ ni ó ń kúrò nílé. Bàbá kì í sì í sin ọmọ rẹ̀ débẹ̀. Àwọn obìnrin ilé ló ń sìn ín. Moudachirou mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ti sọ fún àwọn àgbà pé lọ́jọ́ náà òun kì í ṣe bàbá ìyàwó, awakọ̀ ni òun. Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín, wọ́n gbà fún un. Ìyá Sétou, àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin, tí ọ̀rọ̀ ilé wọn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ló kọ́kọ́ gbà.

Mo ṣe iṣẹ́ náà. Bọ́tìnnì mẹ́rin ni. Mo tú díódù mẹ́rin lára rédíò kan tó ti kú sọ́dọ̀ mi. Díódù ni iná kékeré tí kì í gbóná, tí kì í sì í jẹ bátìrì. Aláwọ̀ ewé ni wọ́n. Mo lu ihò tín-ínrín sí ẹ̀gbẹ́ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan, mo ki iná bọ̀ ọ́. Agbára bátìrì mọ́tò pọ̀ jù fún wọn, nítorí náà mo fi ohun tó ń dín in kù sí ẹnu wáyà kọ̀ọ̀kan, mo sì fi òjé yíyọ́ lẹ̀ ẹ́. Ó ku wáyà kan, èyí tí yóò so wọ́n mọ́ iná iwájú mọ́tò, kí gbogbo rẹ̀ lè máa tàn pọ̀.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í tan iná tuntun fún ẹni tó ni mọ́tò. Ẹni tó ni ín ni yóò jókòó, tí yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ tan án. Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ń ṣe. Mo ní kí Moudachirou jókòó sí ìdí ọkọ̀.

Oòrùn ń ràn gan-an. A kò lè rí iná tó kéré tó bẹ́ẹ̀ nínú oòrùn. Mo fa aṣọ nínípọn tí mo fi ń bo mọ́tò, mo fi bo orí àwa méjèèjì. Ibẹ̀ ṣókùnkùn. Mo di wáyà ìkẹyìn mú. Mo fẹ́ sọ pé kí ó ní sùúrù. Ó ti yí iná.

"Háà! Ó tàn. Alassane, ọwọ́ rẹ kò tíì kú. Ó pupa dáadáa."

Wáyà ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Mo so ó. Iná mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún rẹ̀, aláwọ̀ ewé. Ojú rẹ̀ kò yí. Ibi tó ń wò tẹ́lẹ̀ náà ló ń wò.

"Mélòó ló ń tàn?" mo bi í.

"Mélòó ni o fi sí i?"

"Èmi ni mò ń bi ọ́."

Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀ lábẹ́ aṣọ náà.

"Láti ìgbà wo?" mo ní.

"Láti ìgbà òjò. Lọ́sàn-án, mò ń ríran. Ó dà bí ẹni ń yọjú wo ìta láti inú ihò ògiri, ṣùgbọ́n mò ń ríran. Tí oòrùn bá ti rọ̀, ó parí. Bó ṣe mú bàbá mi nìyẹn."

"O sì ń gbé èèyàn."

"Mo mọ ọ̀nà náà. Kò sí kòtò tí n kò mọ̀ níbẹ̀."

"Ọmọ tó bá sáré kọjá kì í ṣe kòtò."

Ó gbá aṣọ náà dànù lórí wa. Oòrùn wọlé. Ojú rẹ̀ mọ́, kò sí ohun kan lára rẹ̀ téèyàn lè tọ́ka sí. 

"Jẹ́ kí n gbé Assiath," ó ní. "Ìyẹn nìkan. Tí mo bá ti gbé e dé, n óò fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Ìwọ jókòó tì mí. Kí o máa sọ fún mi: ọ̀tún, òsì, dúró."

Mo rò ó wò. Mo ro ti afárá tóóró tó wà lọ́nà, àti àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tí kì í yà fún ẹnikẹ́ni. Obìnrin mẹ́fà ni yóò wà nínú mọ́tò náà, Assiath láàrin wọn.

"Rárá," mo ní.

"Alassane."

"Rárá."

Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ ìtọ́kọ̀ mú. "Ṣé o máa tú mi fó? Àwọn ará ilé ọkọ rẹ̀ mọ̀ pé ojú bàbá mi fọ́. Tí wọ́n bá gbọ́ tèmi, wọ́n á ní ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa. Wọ́n á ní ọmọ tí Assiath bá bí, yóò fọ́jú. Wọ́n á dá a padà fún mi. Lónìí o, lọ́la o, wọ́n á dá a padà."

"N kò ní sọ."

"Búra."

"N kò ní sọ," mo tún ní. N kì í búra.

Ó wa mọ́tò rẹ̀ lọ. Ojú ọjọ́ ṣì mọ́lẹ̀.

Mo mọ̀ pé yóò gbé e lọ ní Sátidé, bí ẹnikẹ́ni kò bá dí i lọ́nà. Mo lọ sọ́dọ̀ Ìyá Sétou. Ó ń ṣa ẹ̀wà pẹ̀lú àwọn obìnrin ilé. Mo kí wọn. Mo ní kò yẹ kí bàbá sin ìyàwó dé ilé ọkọ, kí wọ́n wá awakọ̀ mìíràn.

Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ìwọ, Alassane? Ìwọ tí o gbé Ganiath sẹ́yìn alùpùpù, tí o fúnra rẹ gbé e dé Akpassi, tí agbádá rẹ ń fẹ́ bí aṣọ tí wọ́n sá?"

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, "Ẹ jẹ́ ó sinmi, ìyá. Ẹni tó ti jẹun yó ló ń sọ fún ẹlòmíì pé kó gbààwẹ̀."

"Èmi ni," mo ní.

"Kí ló wá ṣẹlẹ̀?"

Ganiath ni ọmọ mi. Ọdún mẹ́ta ló lò ní Akpassi. Ó bí ọmọ méjì níbẹ̀, kò sí èyí tó dúró. Ọkọ rẹ̀ ní kí ó máa lọ. Ilé mi ló wà.

Mo mọ ọ̀rọ̀ tí yóò dá Ìyá Sétou dúró. Kò sí òmíràn. Mo sọ ọ́.

"Ẹ wo Ganiath."

Ẹ̀rín dá. Ìyá Sétou gbé àtẹ ẹ̀wà sílẹ̀.

"Ṣé ohun tí o rí sí i nìyẹn?"

"Ohun tí mo rí sí i nìyẹn."

Irọ́ ni. Kì í ṣe sísìn tí mo sìn ín lọ, ibà ló pa àwọn ọmọ náà. Mo mọ̀. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí èkejì kú.

Ní Sátidé, lẹ́yìn tí wọ́n so yìgì tán, Ìyá Sétou kéde rẹ̀ níwájú gbogbo ilé: Moudachirou kò gbọdọ̀ lọ. Moudachirou pariwo. Ó béèrè ẹni tó yí wọn lọ́kàn padà. Wọ́n sọ fún un. Ó kọ ojú sí apá ibi tí mo dúró sí, ó la ẹnu, ó sì tún pa á dé. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ lápò, ó fún Affissou, awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Oòrùn ti ń wọ̀. Àwọn obìnrin ń kọrin. Assiath ń sunkún. Gbogbo ìyàwó ló ń sunkún, ṣùgbọ́n òun ń pe bàbá rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ ṣèlérí. Ẹ ṣèlérí fún mi." Wọ́n tì í wọ mọ́tò. Affissou gbéra.

Moudachirou wá dúró tì mí.

"Ṣé wọ́n ti bọ́ sórí títì?"

"Wọ́n ti bọ́ sí i."

"Ṣé Affissou rọra ń wà á?"

"Ó rọra ń wà á."

Ó yí padà, ó fi ọwọ́ wá ògiri, ó wọlé. Kò tún bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà.

Kí ààwẹ̀ tó wọlé, ó ti ta Pẹ́jò náà. Ó ní ẹ̀yìn ń dun òun. Ó ń sọ fún èèyàn pé mo ba ọjọ́ ọmọ òun jẹ́ nítorí ìlara. Mo gbọ́. Tí a bá pàdé ní mọ́ṣáláṣí, mo máa ń kí i. Ó mọ ohùn mi. Ó máa ń yíjú.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, Ganiath ti ọjà dé. Ó sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Ó dúró níwájú mi.

"Bàbá."

"Hùn."

"Wọ́n ní ẹ sọ pé torí pé ẹ sìn mí lọ ni àwọn ọmọ mi ṣe kú."

Mo wo ẹrù rẹ̀ nílẹ̀.

"Ṣé òótọ́ ni pé ẹ sọ bẹ́ẹ̀?"

"Mo sọ ọ́."

"Ṣé ẹ gbà á gbọ́?"

Bí mo bá ní rárá, yóò béèrè ìdí tí mo fi sọ ọ́. Òun àti Assiath kì í fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún ara wọn. Assiath sì ti lóyún ní Savalou.

Mo gbé ojú kúrò lára Ganiath. Ó ń retí.

"Inú mi dùn lọ́jọ́ tí ẹ gbé mi lọ," ó ní. "Ohun kan ṣoṣo tó dùn nínú ọ̀rọ̀ Akpassi náà nìyẹn."

Mo ní kí ó bu omi wá fún mi. Ó bù ú wá. Ó kúnlẹ̀ gbé e fún mi bí ó ti máa ń ṣe, ṣùgbọ́n kò wo ojú mi. Mo mu ún.